Ìrìn-àjò ìsinmi sí òkè òkun: Ibi tí owó ti ń jò lọ́jà àti nílé oúnjẹ, àti bí ẹ ṣe lè dí i

Iye tí wọ́n kọ sára ọjà lókè òkun kì í sábà jẹ́ iye tí àlejò yóò san gan-an. Láti ìgbà tí ẹ bá mú ọjà lórí àtẹ títí di ìgbà tí báńkì yóò yọ owó nínú àpò yín, ọwọ́ mẹ́ta ni owó náà máa ń gbà kọjá: ọwọ́ ẹni tó ń ṣẹ́ owó, ọwọ́ ìjọba tó ń gba owó orí, àti ọwọ́ olókòwò tó ń fi owó iṣẹ́ lé e.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọmọ onílùú mọ ibi tí owó ti ń jò, ó sì ti mọ bí a ṣe ń yà fún un. Àlejò ni kì í mọ̀ títí yóò fi rí ohun tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àwàdà. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi ọwọ́ sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ 20 dọ́là, tó jẹ́ nǹkan bíi 9,400 náírà nígbà tí dọ́là wà ní 470, di 30,000 náírà. Ẹni tó bá ń fi 10 dọ́là ṣòfò lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, 150,000 náírà ni ó sọ nù, kò sì ní ohun kan tí yóò fi hàn fún un.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè gbádùn ìsinmi rẹ̀, kí ó ra nǹkan, kí ó jẹun dáadáa, kí owó má sì sọ nù lójú ọ̀nà?

Irú owó wo ni kí ẹ mú dání?

Òfin CBN fàyè gba kí ẹni tó ń rin ìrìn-àjò ti ara rẹ̀ ra 4,000 dọ́là ní báńkì láàárín oṣù mẹ́ta. Owó yìí ni wọ́n ń pè ní PTA. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, CBN pàṣẹ pé kí àwọn báńkì má fún ènìyàn ní owó yìí lówó lọ́wọ́ mọ́, orí káàdì ni kí wọ́n máa san án sí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ lọ sí báńkì yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú bá ku ọ̀la.

Káàdì náírà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn mìíràn sì dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá. Ní ọdún 2025, àwọn báńkì kan tún ṣí i padà. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ báńkì yín: èló ni mo lè ná lóṣù, èló ni ẹ óò máa yọ nígbàkígbà tí mo bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, àti pé èló ni ẹ ń ṣírò dọ́là kan.

Ó dára kí ẹ mú káàdì méjì dání, kí ẹ sì fi wọ́n sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó díẹ̀ lọ́wọ́ náà wúlò fún ọkọ̀ àti omi ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣẹ́ gbogbo owó yín ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀ mọ̀ pé ó ti rẹ àlejò, kò sì mọ ibòmíràn tó lè lọ, nítorí náà iye tí wọ́n máa ń san kì í dára tó ti ìgboro.

Bí báńkì yín bá ń yọ owó iṣẹ́ kan náà nígbàkígbà tí ẹ bá lo ẹ̀rọ ATM, ẹ gba owó tí yóò tó yín fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dípò kí ẹ máa gbà á ní kékeré lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìbéèrè kékeré tí ẹ̀rọ POS ń bi àlejò

Ẹ wọ ilé ìtajà kan ní London, ẹ ra bàtà 100 pọ́n-ùn, ẹ sì fi káàdì sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà yóò wá béèrè pé: ṣé pọ́n-ùn ni ẹ fẹ́ fi san án ni, àbí owó ìlú yín?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yan owó ìlú tirẹ̀, nítorí pé ó yé e jù. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. Bí ẹ bá yan náírà tàbí dọ́là, ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà ni yóò ṣẹ́ owó fún yín, iye tó bá wù ú ni yóò sì ṣẹ́ ẹ, pẹ̀lú èrè tirẹ̀ nínú. Bí ó bá fi 5% péré lé e, bàtà 100 pọ́n-ùn ti di 105.

Ìdáhùn tó tọ́ ni pé kí ẹ yan owó ìlú tí ẹ wà: pọ́n-ùn ní London, yúrò ní Paris, dirham ní Dubai, sídì ní Accra. Bí akọ̀wé ọjà bá fẹ́ bá yín tẹ ẹ̀rọ náà, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Àwọn ẹ̀rọ ATM náà máa ń béèrè irú ìbéèrè yìí, ìdáhùn kan náà sì ni kí ẹ fún wọn.

Ṣé ìjọba yóò dá owó orí ọjà padà fún àlejò?

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ọjà. Àwọn ìjọba kan máa ń dá a padà fún àlejò tó bá gbé ọjà náà kúrò ní ìlú wọn. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ èwo ni èwo kí ẹ tó náwó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: VAT ibẹ̀ jẹ́ 20%. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣì gbàgbọ́ pé àwọn lè gbà á padà ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ìjọba ti fòpin sí ètò náà ní England, Scotland àti Wales. Northern Ireland nìkan ni ó kù sí. Síbẹ̀, kò sí VAT lórí aṣọ àti bàtà àwọn ọmọdé, ìdí kan nìyí tí aṣọ ọmọdé ibẹ̀ kì í fi gani lára.

Faransé: VAT ibẹ̀ náà jẹ́ 20% lórí ọ̀pọ̀ ọjà. Àlejò tó ti pé ọmọ ọdún 16, tí kò gbé ní orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó sì ra ọjà tó ju 100 yúrò lọ ní ilé ìtajà kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta lè gba owó náà padà. Ẹ ka èyí dáadáa: ilé ìtajà kan náà. Ẹni tó ra 60 yúrò níhìn-ín àti 60 yúrò lọ́hùn-ún kò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹ fi ìwé ìrìnnà yín hàn nígbà tí ẹ bá ń sanwó, kí ẹ gba ìwé owó orí náà, kí ẹ sì fi í sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní PABLO ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ má retí 20% gbáko o. Nínú ọjà 120 yúrò, 20 yúrò ni VAT tó wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò náà yóò sì yọ owó tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Dubai: 5% ni VAT ibẹ̀, láti ọdún 2018. Àlejò tó bá ra ọjà 250 dirham ó kéré tán ní ilé ìtajà tó wà nínú ètò náà lè gba 85% VAT náà padà, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ dirham 4.80 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Lórí ọjà 500 dirham, nǹkan bíi 15 dirham ni yóò dé ọwọ́ yín. Nítorí náà, ọjà ńlá bíi wúrà tàbí kọ̀ǹpútà ni wàhálà náà yẹ fún.

Amẹ́ríkà: Ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kì í dá owó orí ọjà padà fún àlejò. Owó orí náà kò sì sí nínú iye tí wọ́n kọ sára ọjà, ibi tí ẹ ti ń sanwó ni wọn yóò ti fi kún un. Ní ìlú New York, 8.875% ni, ṣùgbọ́n aṣọ tàbí bàtà tí ẹyọ kan rẹ̀ kò tó 110 dọ́là kò ní owó orí. Ní ìpínlẹ̀ Delaware àti Oregon, kò sí owó orí ọjà rárá.

Ohun kan tó kan gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá owó padà ni pé kí ẹ ṣe ètò náà kí ẹ tó fa ẹrù yín lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́. Aṣọ́bodè lè ní òun fẹ́ fojú rí ọjà náà. Bí ó bá ti wọ inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Kí ló dé tí owó oúnjẹ fi máa ń ju ti mẹ́nù lọ?

Ní Amẹ́ríkà, owó tí a ń fún agbáwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rere lásán. Owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré nítorí pé gbogbo ayé gbà pé oníbàárà ni yóò san ìyókù, láti 15% sí 20%. Bí ẹ bá jẹ oúnjẹ 50 dọ́là ní New York, owó orí yóò jẹ́ dọ́là 4.44, ti agbáwo yóò jẹ́ 10 dọ́là bí ẹ bá fún un ní 20%. Àpapọ̀ rẹ̀ di dọ́là 64.44. Bí dọ́là bá wà ní 1,500 náírà, oúnjẹ tí ẹ rò pé ó jẹ́ 75,000 náírà ti lé ní 96,000.

Ní London, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń fi 12.5% kún owó fúnra wọn. Oúnjẹ 40 pọ́n-ùn yóò di 45. Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé owó pé kì í ṣe dandan, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pàápàá bí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá sì san án, ẹ má tún fi owó mìíràn sílẹ̀ lórí tábìlì. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láìsí pé ọ̀gá yọ nínú rẹ̀.

Ní Paris, owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú iye tó wà lórí mẹ́nù. Bí iṣẹ́ wọn bá dára, ẹ lè fi yúrò kan tàbí méjì sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń retí 20% lọ́wọ́ yín.

Ní Dubai, ẹ wo ìsàlẹ̀ mẹ́nù, pàápàá ní àwọn ilé oúnjẹ inú hòtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ bóyá VAT, owó ìjọba ìbílẹ̀ àti owó iṣẹ́ ti wà nínú iye náà.

Omi náà ń gba owó. Ní Faransé, omi ẹ̀rọ àti búrẹ́dì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ra oúnjẹ, ẹ sáà ní "carafe d'eau" ni ẹ fẹ́. Ní England àti Wales, òfin pàṣẹ pé ibikíbi tí wọ́n bá ti gbàṣẹ láti ta ọtí fún mímu níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ fún mi lómi", omi inú ìgò ni wọ́n lè gbé wá, ẹ óò sì sanwó rẹ̀.

Ìgbà wo, ibo ni kí ẹ ti jẹun?

Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó gbayì máa ń dín iye oúnjẹ wọn kù ní ọ̀sán. Ní Paris, iye kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ fún oúnjẹ ọ̀sán méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ba ilé oúnjẹ ńlá, kí ó lọ ní ọ̀sán, kí ó jẹ oúnjẹ tó fúyẹ́ ní alẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ẹ bá jókòó sí lè yí iye oúnjẹ padà. Kò sí VAT lórí ọ̀pọ̀ oúnjẹ tútù tí ẹ bá gbé lọ, bíi sáńwíṣì. Bí ẹ bá jókòó jẹ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, 20% yóò wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan fi máa ń kọ iye méjì fún oúnjẹ kan náà.

Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ náà máa ń kọ iye méjì sára ọjà: èyí tó kéré jẹ́ ti ẹni tó ní káàdì oníbàárà wọn. Bí ẹ bá wọ̀ sílé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, ẹ ní kí wọ́n yá yín ní tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń lẹ ìwé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ń parí lọ, wọn a sì ta á ní ẹ̀dínwó.

Ní Dubai, àdúgbò Deira àti Karama ni àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Íńdíà àti Pakistan ti ń jẹun, oúnjẹ ibẹ̀ a máa pọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti inú ilé ìtajà ńlá. Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo: ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ti ń jẹun ni kí ẹ wá, kì í ṣe iwájú ibi tí gbogbo àlejò ti ń ya àwòrán.

Àwọn kan máa ń di oúnjẹ láti ilé. Ẹ ṣọ́ra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba kí arìnrìn-àjò gbé ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá gbé ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún aṣọ́bodè, ẹni tó bá fi pamọ́ lè san owó ìtanràn.

Ọjà tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú

Kí ẹ tó ra ohun èlò oníná ní Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná ibẹ̀ jẹ́ 120 volt, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣe fún 120 volt nìkan yóò jóná ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án nílé. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti irú ihò iná rẹ̀ bá ti Nàìjíríà mu.

Fóònù náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní Amẹ́ríkà, fóònù kan máa ń pọ́ọ́kú nítorí pé wọ́n ti tì í mọ́ ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, síìmù Nàìjíríà kò ní ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ti ka irú títà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀.

Ní ọjà wúrà Deira ní Dubai, ìwọ̀n wúrà ní iye tí ọjà sọ ní ọjọ́ náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè láti ná an. Owó iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni kí ẹ ná. Ẹ ní kí ó kọ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé dirham 3.6725 ni dọ́là kan láti ọdún 1997. Ẹni tó bá ń ṣẹ́ ẹ fún yín ní iye tó jìnnà sí èyí ń jèrè lórí yín.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì. Ní Faransé, òfin ló dá ìgbà ẹ̀dínwó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kìíní àti láti ìparí oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ti wọn gbajúmọ̀ jù. Ẹ ṣírò owó hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ òfurufú mọ́ ọn, nítorí pé àwọn náà mọ ìgbà tí èrò ń bọ̀.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ńkọ́?

Kì í ṣe ibi tó jìnnà nìkan ni òkè òkun. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti lo 90 ọjọ́ ní Ghana, Benin, Togo tàbí Senegal, owó físà nìkan ti tó gbé ènìyàn sun hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mélòó kan.

Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Cotonou, Lomé, Abidjan àti Dakar, 655.957 sẹ́fà sì ni yúrò kan, kì í yí padà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń ti Cotonou lọ sí Lomé kò nílò láti ṣẹ́ owó ní ẹnubodè. Ṣùgbọ́n sẹ́fà Cameroon àti Gabon yàtọ̀ sí ti apá ibí, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba, ẹ má gbà á gẹ́gẹ́ bíi ṣéńjì.

Ní ọjà Makola ní Accra tàbí Dantokpa ní Cotonou, iye àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà bá pè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta kí ẹ tó ná an. Ní Accra, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní waakye, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà láàárọ̀, yóò gbé yín di ọ̀sán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè

Ìbéèrè mẹ́rin péré ló lè dí ọ̀pọ̀ nínú ihò tí owó ń gbà jò:

• Owó ìlú wo ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ yọ?
• Ṣé owó orí ti wà nínú iye yìí, ṣé wọn yóò sì dá a padà?
• Ṣé ẹ ti fi owó agbáwo kún un?
• Èló ni ọjà yìí yóò jẹ́ ní náírà, pẹ̀lú owó ẹrù, nígbà tí ó bá délé?

Ìbéèrè ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Aṣọ tí wọ́n rán ní Turkey tàbí China wà ní London, ó sì wà ní ọjà Balógun ní Èkó. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ tí ti Balógun bá kéré jù, ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ, kí ẹ fi owó náà jẹun ọ̀sán.